Kí ló ń mì ní Bwari láti aago méje sí mọ́kànlá alẹ́?

Tíṣà físíìsì kan tó ń gbé ní Bwari, lágbègbè Abuja, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì ní Mpape, l'Abuja níbí, lọ́dún 2018 ni ọkàn àwọn ará àdúgbò wa ò ti balẹ̀ mọ́. Mo wá gba ààpù kan sórí fóònù mi tó máa ń ka bí nǹkan ṣe ń mì, mo sì ń gbé fóònù náà sórí táìsì nínú yàrá mi lálaalẹ́. Ìgbà 50 ló ń kà á ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì ń jẹ́ kó kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Nígbà tí mo ní kó ya spectrum rẹ̀, ìyẹn àwòrán tó ń fi hàn bí ìmì tó yára àti èyí tó falẹ̀ ṣe lágbára tó, ṣóńṣó kan yọ tí mi ò mọ ibi tó ti wá. Láago méje alẹ́, á wà ní nǹkan bíi 1 Hz, ìyẹn ìmì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú sí i, á máa gòkè títí á fi dé 2.4 Hz, tó bá di aago mọ́kànlá, á pòórá. Mo kà á níbì kan pé inú 1 sí 10 Hz ni ìmìtìtì ilẹ̀ sábà máa ń wà. Ìyá onílé wa ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n ní àwọn ń padà sí Ìlọrin. Àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣe másítà ní Zaria tún wá sọ pé ìṣirò kan náà yìí lòun fi yẹ òjò ọdún 44 wò ní Kano, tóun sì rí i pé ó ń yí po ní ọdún 11-11. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilẹ̀ ló ń mì lábẹ́ wa? Bí òjò bá sì ní iye ọdún tó fi ń yí po, ṣé a ò lè fi ọ̀nà kan náà ṣírò ọjọ́ tí ilẹ̀ máa tún mì ni?"

Tíṣà, ẹ kú akitiyan o. Ẹ kọ́kọ́ bá mi sọ fún Ìyá onílé pé kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ ná. Látinú ohun tí ẹ kọ, jẹnẹrétọ̀ ni mo fura sí, mi ò fura sí ilẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wà nínú lẹ́tà yín: ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ láago méje, tó ń pòórá láago mọ́kànlá, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́, èèyàn ló ń tàn án, èèyàn ló sì ń pa á. Ilẹ̀ kì í wo aago. Ṣùgbọ́n ìfura ò tó ẹ̀rí, 2.4 Hz tí ẹ rí sì jìnnà gan-an sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí ohun tó ń mì ní ìgbà àádọ́ta àti díẹ̀ ṣe lè wá jókòó sórí 2.4 lójú fóònù yín, kí n sì sọ bí ẹ ṣe máa fọwọ́ ara yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ òjò Kano àti ti àsọtẹ́lẹ̀ á tẹ̀lé e, torí pé àṣìlóye kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀.

Àṣìlóye náà ni pé èèyàn máa ń rò pé ṣóńṣó tó bá ti yọ nínú spectrum ti di ìdáhùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Joseph Fourier, ará Faransé, ló gbé ìmọ̀ yìí síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris lọ́dún 1807, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé lọ́dún 1822. Bí ooru ṣe ń rìn nínú irin ló ń wá. Kò wá ohùn, kò sì wá ìmìtìtì ilẹ̀. Ohun tó sọ ni pé èèyàn lè mú ìlà tó ń wọ́ gànnàgànnà, kó tú u sí ìgbì tó ń lọ sókè sódò déédéé, àwọn kan yára, àwọn kan falẹ̀, kó sì wọn bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó. Iṣẹ́ tí ààpù yín ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà kì í kọ iṣẹ́. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé fún un ló máa tú. Bí ẹ bá fún un ní ariwo lásán, á pín ariwo náà sórí Hz kọ̀ọ̀kan, ibì kan á sì ga ju ibòmíràn lọ. Bí ẹ̀rọ tó kà á bá kà á ní àkàṣì, á tú àkàṣì náà pẹ̀lú. Àwọn tó ń ya iṣẹ́ ọpọlọ lọ́sibítù mọ èyí dáadáa: ìgbì alpha tí wọ́n ń wá wà láàárín 8 sí 13 Hz, ṣùgbọ́n bí okùn ẹ̀rọ ò bá lẹ̀ mọ́ orí aláìsàn dáadáa, 50 Hz ló máa gbalẹ̀ lójú ìwé wọn. Iná inú ògiri nìyẹn. Kò sí dókítà tó máa kọ oògùn fún un.

Ẹ ní ìgbà 50 ni fóònù ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Harry Nyquist ti kọ̀wé lórí irú ààlà yìí lọ́dún 1928 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí tẹligíráàfù, Claude Shannon sì là á yé wa lọ́dún 1949: ẹni tó bá ń ka nǹkan ní ìgbà 50 ò lè dá ohun tó ń mì ju ìgbà 25 lọ mọ̀. Ohun tó bá sì kọjá ààlà yẹn kì í pòórá; tó bá ń pòórá ni, ìbá dáa. Ńṣe ló máa ń ṣẹ́ padà wá sínú ohun tí ẹ lè rí, á sì wọlé ní orúkọ ẹlòmíràn. Ẹ wo ọmọdé kan tó ń sáré yí ilé po, kí ẹ̀yin sì dijú, kí ẹ máa là á fìrí ní àkókò tó dọ́gba. Bí ọmọ náà bá ń yí ilé po lẹ́ẹ̀kan géérégé kí ẹ tó tún lajú, ẹnu ọ̀nà kan náà lẹ máa bá a nígbà gbogbo, ẹ ó ní kò kúrò lójú kan. Bó bá fi díẹ̀ yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, díẹ̀ yẹn nìkan lẹ máa rí, ẹ ó ní ọmọ náà ń rìn jẹ́jẹ́. Báyìí ni ohun tó ń mì ní ìgbà 52.4 ṣe ń di 2.4 lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á ní ìgbà 50. Aliasing ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé kò sí ìṣirò tó lè tún un ṣe lẹ́yìn tí kíkà bá ti parí, torí pé nínú nọ́ńbà tí fóònù ti kọ sílẹ̀, 52.4 tòótọ́ àti 2.4 tòótọ́ ò yàtọ̀ síra rárá.

Ẹ wá wo jẹnẹrétọ̀. Iná wa ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, jẹnẹrétọ̀ oníbẹntiróòlù tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé sì gbọ́dọ̀ yí ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan kó tó lè gbé irú iná bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ pín in sí 60, ó di ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n kì í dúró sórí 50 gbọn-in. Àwọn tó ń tún un ṣe sábà máa ń jẹ́ kó sáré díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 52 tàbí kó lé, nígbà tí kò gbé nǹkan kan, kó má bàa rẹlẹ̀ jù tí wọ́n bá tan fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù. Ohun tó ń ṣọ́ eré rẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní gọ́fánọ̀, kò sì lágbára láti dá a padà sójú kan náà gẹ́lẹ́: bí ohun tó gbé bá pọ̀, eré á dín, bó bá fúyẹ́, eré á pọ̀ sí i. Ẹ wá gbé èyí ka ohun tí ẹ kọ. Láago méje, àwọn ará ilé ń lọ aṣọ ilé ìwé, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, fíríìjì ń kùn: jẹnẹrétọ̀ wà ní 51, fóònù yín pè é ní 1. Bí alẹ́ ṣe ń lẹ́, wọ́n ń pa nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, eré ń gòkè títí dé 52.4, fóònù yín pè é ní 2.4. Láago mọ́kànlá wọ́n pa á, wọ́n lọ sùn. Mi ò tíì rí ilẹ̀ tó ń lọ aṣọ.

Àmì kejì wà tí mo fẹ́ràn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ti lè wà nínú fáìlì tí ẹ ní lọ́wọ́. Bí jẹnẹrétọ̀ náà bá jẹ́ irú èyí tí wọn kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú yíyí méjì ni epo ń gbiná nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Èyí ń bí ìmì kejì tó jẹ́ ìdajì ti àkọ́kọ́. Ìdajì 52.4 ni 26.2. Òun náà kọjá 25, nítorí náà òun náà á ṣẹ́ padà: 50, ẹ yọ 26.2 kúrò, ó ku 23.8. Ṣùgbọ́n òun ń lọ sódìkejì. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní 51, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 25.5, ẹ ó rí i lórí 24.5; bí ṣóńṣó yín àkọ́kọ́ bá ṣe ń gun òkè láti 1 lọ sí 2.4, èkejì yìí á máa sọ̀ kalẹ̀ láti 24.5 lọ sí 23.8, ìdajì ìrìn ti àkọ́kọ́ ni tirẹ̀. Ẹ wo apá ọ̀tún gíráàfù yín, níbi tí èèyàn kì í sábà wò. Bí ẹ bá rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń rìn báyìí, mi ò mọ ohun mìíràn láyé tó lè fa irú rẹ̀. Bí ẹ ò bá sì rí i, ìyẹn ò dá jẹnẹrétọ̀ láre, torí pé àwọn kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn máa ń gbiná ní gbogbo yíyí, wọn kì í sì ní ìdajì yẹn.

Àyẹ̀wò tó máa parí ẹjọ́ ò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ wọ inú ètò ààpù náà, kí ẹ yí iye ìgbà tó ń kà sí 100, kí ẹ sì tún kà á ní àkókò kan náà lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá ń mì ní 2.4 Hz lóòótọ́, orí 2.4 náà lẹ máa bá a, torí pé ilẹ̀ ò mọ iye ìgbà tí fóònù yín ń kà. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, orí 2.4 á ṣófo, ṣóńṣó náà á sì fò lọ sí 47.6. Bí fóònù yín bá lè kà á ní 200, ẹ ó bá a lórí 52.4, nílé ara rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé fóònù yàtọ̀ síra. Nínú àwọn kan, sẹ́ńsọ̀ ní asẹ́ tó ń dí ohun tó bá yára jù lọ́nà kó tó kà á; nínú àwọn mìíràn, asẹ́ náà ò tó, tàbí kó jẹ́ pé ààpù ń mú ọ̀kan nínú mẹ́rin lára ohun tí sẹ́ńsọ̀ kà, tó ń da mẹ́ta tó kù nù láìsẹ́ ẹ rárá. Láti ibi tí mo jókòó sí, mi ò lè mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ dán an wò dípò kí ẹ kàn gbà mí gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí NEPA bá mú iná wá, tí gbogbo àdúgbò pa jẹnẹrétọ̀, ẹ tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun mìíràn tó lè máa mì ni ilé fúnra rẹ̀. Gbogbo ilé ló ní bó ṣe ń fì bí atẹ́gùn tàbí tírélà bá mì ín. Àwọn ẹnjiníà máa ń ṣírò rẹ̀ ṣókí: ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá fún àjà kọ̀ọ̀kan. Ilé alájà mẹ́rin á máa lọ, á máa bọ̀ láàárín 0.4 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn 2.5 Hz, ó sì sún mọ́ tiyín débi tí ìfura mi ìbá fi pín sí méjì. Ṣùgbọ́n ilé kì í fi wákàtí mẹ́rin gbéra láti 1 lọ sí 2.4. Bíríkì àti kọnkéré rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe máa fì, àwọn yẹn kì í yí padà láàárín ìrọ̀lẹ́ sí òru.

Nípa bí ẹ ṣe ń ṣe ìṣirò náà, mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀. Ẹ má fi odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ya spectrum kan ṣoṣo nígbà tí ohun tí ẹ ń wá ò dúró lójú kan. Ṣóńṣó náà á fẹ̀, á sì dà bíi mẹ́ta. Ẹ gé e sí ogún ìṣẹ́jú àáyá. Gígé yẹn á jẹ́ kí ẹ lè ya ohun méjì tí 0.05 Hz wà láàárín wọn sọ́tọ̀, ó sì tó fún yín. Ẹ fi window Hann, ìyẹn ìlà tó ga láàárín tó sì rọra wálẹ̀ dé òdo létí méjèèjì, tẹ etí gígé kọ̀ọ̀kan wọlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbára jẹnẹrétọ̀ á ṣàn dé ibi tí kò sí. Bí ẹ bá ń wá ìmọ́lẹ̀ lórí ohun tó dúró sójú kan, ẹ pa gbogbo spectrum àwọn gígé náà pọ̀, kí ẹ fi iye wọn pín in, bí Peter Welch ṣe kọ́ wa lọ́dún 1967, torí pé nínú spectrum kan ṣoṣo, bí ariwo ṣe ń fò sókè sódò pọ̀ tó ìwọ̀n ariwo náà fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn ò sábà gba èyí gbọ́: kíkà á pẹ́ sí i nìkan ò wò ó sàn, àfi kí ẹ gé e kí ẹ sì pa á pọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ to òdo-òdo sẹ́yìn nọ́ńbà kí ṣóńṣó lè mọ́ sí i, gíráàfù tó dán ló fún yín, kò fi ìmọ̀ kún un. Fóònù ò sì fi gbogbo ìgbà kà ní àkókò tó dọ́gba. Bí àlàfo bá pọ̀ nínú fáìlì yín, ọ̀nà tí Lomb kọ lọ́dún 1976, tí Scargle tún ṣe lọ́dún 1982 ló yẹ kí ẹ lò. Àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ló ń lò ó jù, torí pé ojúmọ́ àti ìkùukùu kì í jẹ́ kí wọ́n kà á déédéé.

Ìmìtìtì ilẹ̀ gidi kì í fara jọ ohun tí ẹ rí. Ó máa ń bẹ́ lójijì. Ìgbì àkọ́kọ́ á dé, ó máa ń yára ṣùgbọ́n kì í tóbi. Èkejì á tẹ̀lé e, òun ló sábà máa ń mi ilé jù. Lẹ́yìn náà á rọra kú tán, kékeré inú wọn kì í sì tó ìṣẹ́jú kan. Agbára rẹ̀ máa ń tàn ká Hz púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í dúró bí abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá Mpape sì ní ohun mìíràn tó lè ṣì yín lọ́nà: àwọn tó ń fi dáínámáìtì fọ́ òkúta. Ìbúgbàù tiwọn máa ń fi agbára sínú ìgbì àkọ́kọ́, èkejì kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Wọ́n tún máa ń yin ihò kan tẹ̀lé ìkejì pẹ̀lú àlàfo kékeré. Bí àlàfo náà bá jẹ́ ìdá 25 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ẹ ó rí ìlà tó jìnnà síra ní 40 Hz-40 Hz nínú spectrum, ilẹ̀ kì í sì mì ní ìlànà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Wákàtí iṣẹ́ ni wọ́n sì ń yìn ín. Lẹ́yìn 2018, àwọn èèyàn nawọ́ ẹ̀bi sí àwọn tó ń fọ́ òkúta, wọ́n tún nà án sí àwọn tó ń gbẹ́ bohòólù. Fóònù kan ṣoṣo ò lè dá ẹjọ́ yẹn.

Yíya ìbúgbàù kúrò lára ìmìtìtì ilẹ̀ yìí ló tiẹ̀ bí ìṣirò tó wà nínú fóònù yín. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń sọ̀rọ̀ lórí dídẹ́kun dídán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò, Richard Garwin, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ń wá bí wọ́n ṣe lè jókòó sókèèrè kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n nínú ohun tí àwọn ẹ̀rọ ìmìtìtì ilẹ̀ kọ sílẹ̀. John Tukey, onímọ̀ ìṣirò, ní ọgbọ́n kan tó lè jẹ́ kí ìṣirò Fourier yára; Garwin gbé e lọ bá James Cooley ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, Cooley àti Tukey sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1965. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ti kọ irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1805, tí kò sì sí ẹni tó ka ìwé náà sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yín jẹ́ nọ́ńbà 30,000. Bí ẹ bá ṣe é bí ti àtijọ́, ìsọdipúpọ̀ tó 900 mílíọ̀nù. Pẹ̀lú ọ̀nà Cooley àti Tukey, kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Ìdí tí fóònù fi lè ṣe é kí ẹ tó ṣẹ́jú nìyẹn.

Ṣé fóònù lè gbọ́ ilẹ̀ ní tòótọ́? Bó bá mì gidigidi ní tòsí, á gbọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò fìgbà kan dákẹ́, ohun tó sì ń sọ lójoojúmọ́ kéré ju ariwo inú sẹ́ńsọ̀ fóònù lọ fíìfíì. Ìgbì òkun máa ń ti ilẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́jọ, àwọn ẹ̀rọ tó dára sì máa ń gbọ́ ọ láàárín Áfíríkà. Èyí tó dùn mọ́ mi jù jẹ́ tiwa: ìmì kan wà tó ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá 26-26, Jack Oliver ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1962, àwọn tó tọpa rẹ̀ sì rí i pé Ògbun Guinea (Gulf of Guinea), ní apá etíkun tiwa níhìn-ín, ló ti ń wá. Ẹ̀rọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ń fà á. Ẹ má wá a lórí fóònù o; ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sórí àpáta níbi tó pa rọ́rọ́, irú èyí tó wà ní Toro ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, ló wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọjọ́ tí ilẹ̀ máa tún mì, rárá ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sì sí ọ̀nà tó ti yege láti sọ ọ́. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ìbéèrè yín gan-an ló wà níbẹ̀rẹ̀ irú spectrum yìí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn kan ń sọ pé ìmìtìtì ilẹ̀ ní Japan ń tẹ̀ lé òṣùpá. Arthur Schuster, tó ń kọ́ni ní Manchester, yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 1897. Ó béèrè pé: bí ilẹ̀ bá ń mì nígbàkúùgbà tó wù ú, báwo ni ṣóńṣó tí ìṣirò máa fún wa ṣe máa ga tó? Ó ṣírò rẹ̀, ó sì rí i pé ṣóńṣó tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ ò ga ju èyí tó lè ṣèèṣì yọ lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló sọ ìṣirò náà ní periodogram. Ìwọ̀nba ìgbà tí ilẹ̀ mì tí àwa mọ̀ dáadáa lágbègbè wa, Kwoi ní Ìpínlẹ̀ Kaduna lóṣù Kẹsàn-án 2016, Abuja lóṣù Kẹsàn-án 2018, ò tó ohun tí èèyàn lè fi wá àyípo kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé oṣù Kẹsàn-án ni àti pé ọdún méjì-méjì ló ń bọ̀, ẹ rántí pé ilẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún un ní Kẹsàn-án 2020.

Ẹ̀gàn kọ́ ni mo fẹ́ fi kan àbúrò ìyàwó yín, ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ọdún 44 ní àyípo ọdún 11 mẹ́rin péré nínú. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni, tí ọ̀kan bá sì yẹsẹ̀, ó ku mẹ́ta. Ọdún 44 tún ń fún èèyàn ní ìwọ̀n àyípo 22 láti yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló fi ń pààlà sáàárín àyípo gidi àti èèṣì, ọ̀kan nínú 22 á kọjá ààlà láìnídìí rárá. Ṣé 11 ló ti ní lọ́kàn kó tó wò ó, àbí ó wò ó tán kó tó yan èyí tó ga jù? Ìkejì: ṣé ó ti yọ ọ̀dá ńlá ti àárín 1970 sí 1980 kúrò kó tó ṣírò? Òjò Sahel, ilẹ̀ tó wà létí aṣálẹ̀ Sàhárà, dín kù fún ọ̀pọ̀ ọdún, 1972 sí 1973 àti 1983 sí 1984 sì burú jáì. Àárín méjèèjì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdún 11. Ọ̀dá méjì nìkan tó láti gbé ṣóńṣó dìde. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú mi: ṣé ó kó òjò ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún pọ̀, tó fi iye ọdún pín in kó lè dán? Ní Moscow lọ́dún 1927, Eugen Slutsky mú nọ́ńbà tẹ́tẹ́ ìjọba, ohun tí kò ní àyípo kankan nínú, ó ń ro wọ́n pọ̀ ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀ tó ń sún síwájú, ìgbì tó lẹ́wà sì jáde, ó jọ bí ọrọ̀ ajé Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń lọ sókè sódò. Mo ti rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń dán òjò kí wọ́n tó wá àyípo nínú rẹ̀. Kó padà sórí iye òjò ọdọọdún bó ṣe rí, kó ṣe ọdún 44 èké lọ́nà ẹgbẹ̀rún nínú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí ọdún kan ń rántí èyí tó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, kó wá wo iye ìgbà tí ṣóńṣó inú èké ga tó tirẹ̀. Kó tó sọ pé ojú oòrùn tó ń ní àmì dúdú ní ọdún 11-11 ló fà á, kó rántí pé àwọn yẹn pàápàá kì í ṣe 11 gẹ́lẹ́. Àyípo kan lè gba ọdún mẹ́sàn-án, òmíràn mẹ́rìnlá. Ó ṣeé ṣe kí tirẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ọdún 44 kéré jù láti sọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ máa gbọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń jẹ́ Raspberry Shake, geophone gidi, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ṣe fún gbígbọ́ ìmì ilẹ̀, ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń kà á ní ìgbà 100. Owó gidi ló ń ná, ó fẹ́ iná tí kì í lọ, ó sì fẹ́ ibi tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa nira jù ní Bwari. Fún ti báyìí, ẹ ṣe àyẹ̀wò 100 àti 200, kí ẹ wò ó bóyá ìdajì rẹ̀ wà nítòsí 24, kí ẹ sì kà á lálẹ́ ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ò sí. Bí ṣóńṣó náà bá kọ̀ tó ń bẹ lórí 2.4 nínú gbogbo wọn, ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àkókò tó wà lára nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò gíráàfù.